Ìbéèrè Yín Lórí Owó: Ṣé Èlé Bọ́ǹdì Yìí Á Máa Wọlé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Kajú ni mò ń rà tí mò ń tà ní Kàbà, mo tún ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lẹ́yìn sáà tó kọjá yìí, mo rí 400,000 náírà kó jọ, mi ò sì fẹ́ kó kàn jókòó sí báńkì kí ọjà máa wọ́n lé e lórí. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n fi ra bọ́ǹdì kọ́ńpìnnì, pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san èlé. Ó dáa o, ṣùgbọ́n báwo ni èmi tí mi ò ṣe irú ẹ̀ rí ṣe máa mọ̀ pé èlé yẹn á máa wọlé lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ìwé ìṣirò àwọn kọ́ńpìnnì kà o.
Ìyá Kajú, Kàbà

ÌDÁHÙN: Ìyá Kajú, òkun o, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, "èló ni wọ́n ń san" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí, ẹ̀yin bèèrè bóyá wọ́n á san án.

Ẹ wò ó, tí ọmọkùnrin kan bá wá bá yín pé kẹ́ ẹ yá òun lówó tóun máa fi ra kajú, òun á fi èlé lé e, ṣé èlé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni? Rárá o. Ẹ máa bèèrè ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa bèèrè gbèsè tó ti wà lọ́rùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ máa bèèrè onígbọ̀wọ́ ẹ̀. Bọ́ǹdì ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ńpìnnì ló wá yáwó lọ́wọ́ yín, ẹ ò bá wọn ní ṣíà níbẹ̀, èrè wọn pọ̀ o, kò pọ̀ o, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa san.

Ẹ jẹ́ n fi èyí tó sún mọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Dangote Cement, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọbájànà tí tírélà wọn ń gba ojú ọ̀nà kọnkéré yẹn wọ Kàbà, April 2020 ni wọ́n fi bọ́ǹdì yá 100 bílíọ̀nù náírà, ọdún márùn-ún, 12.5% lọ́dún. Ẹni tó fi 100,000 síbẹ̀, 12,500 ni èlé ẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n á dá a sí méjì, 6,250 ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn gbogbo nǹkan ló gbówó lórí ní Nàìjíríà, èlé báńkì náà gòkè, ṣùgbọ́n 12.5 náà ni 12.5. Nítorí náà, kí èlé wọlé déédéé yàtọ̀ sí kó tó nǹkan í rà o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá ku ìwé ìṣirò tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n kà. Ìlà mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó bá wà lórí NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò jáde láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọdún wọn bá parí, orí fóònù yín lẹ ti máa rí i. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "operating profit" sí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "finance cost" sí, ẹ fi ìkejì pín ìkíní. Ká ní èrè iṣẹ́ wọn jẹ́ 9 bílíọ̀nù, èlé gbèsè tí wọ́n ń san sì jẹ́ 3 bílíọ̀nù, ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3.2 sí 3, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi dúró, tí díísù bá tún gbówó lórí lọ́la, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ má fi ọdún kan ṣe. Ẹ ṣáà wo 2023, June tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì ńlá tó jẹ gbèsè dọ́là ni gbèsè wọn wú lójijì, ọjà sì ń tà dáadáa o.

Ìlà kẹta ni "net cash from operating activities". Ẹ̀yin gan-an mọ èyí jù mí lọ. Ẹ ta ogún àpò láwìn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ jèrè, ọjọ́ ìsanwó ilé-ìwé wá pé, ṣé èrè inú ìwé lẹ máa kó fún hẹdimásítà ni? Kọ́ńpìnnì náà bẹ́ẹ̀. Tí èrè bá ń pọ̀ lọ́dọọdún tí owó gidi tó ń wọlé ò sì tẹ̀ lé e, wọ́n lè máa yá owó tuntun san èlé ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn, irú èyí èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Rating wà náà, ìyẹn máàkì tó ń sọ bóyá kọ́ńpìnnì lè san gbèsè ẹ̀, Agusto, GCR, DataPro ló ń fún wọn, AAA ló ga jù, BBB- sókè ni kẹ́ ẹ máa wò. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì fúnra ẹ̀ ló ń sanwó fún ẹni tó ń fún un ní máàkì, nítorí náà èmi ì í fi òun nìkan sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìwé prospectus, ìwé tí wọ́n kọ gbogbo àdéhùn bọ́ǹdì sí, èèyàn ì í kà á torí ó nípọn. Ẹ wá bóyá "senior" ni bọ́ǹdì yẹn, ìyẹn àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ san, tàbí "subordinated", àwọn tó ń dúró lẹ́yìn. Ẹ wá orúkọ trustee, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ kọ́ńpìnnì lórúkọ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ yá a lówó, tó sì lè gbé e lọ kóòtù. Ẹ wò ó bóyá onígbọ̀wọ́ wà, bí InfraCredit, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ bọ́ǹdì, ṣe dúró fún bọ́ǹdì 10 bílíọ̀nù náírà ti Viathan, kọ́ńpìnnì iná mànàmáná, ní December 2017. Ẹ ṣọ́ra fún irú bọ́ǹdì tí báńkì máa ń tà tí wọ́n ń pè ní AT1 o, ìwé ẹ̀ gan-an ló sọ pé báńkì lè dá èlé dúró kó má sì jẹ́ pé ó dalẹ̀. AT1 ti Credit Suisse, báńkì ńlá kan ní Switzerland, ní March 2023, nǹkan bí 16 bílíọ̀nù owó Switzerland ni wọ́n pa rẹ́ ráúráú, èlé kọ́, owó gan-an ni.

Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ ìfaradà síbẹ̀ náà, ìyẹn iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi pẹ́ kó tó di ẹjọ́. Evergrande, kọ́ńpìnnì akọ́lé ti Ṣáínà, September 23, 2021 ló yẹ kí wọ́n san 83.5 mílíọ̀nù dọ́là, wọn ò san, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wọn, ìgbà tó kù díẹ̀ kó pé ni wọ́n tó san án, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Ní November wọ́n tún pẹ́ lórí òmíràn, nígbà tó di December, Fitch, ọ̀kan lára àwọn tó ń fúnni ní rating lágbàáyé, kéde pé wọ́n ti kùnà. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ ìfaradà lò tán kó tó san, èmi ò ní dúró gbọ́ àlàyé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n o, tí álàátì ò bá wọlé, ẹ má tíì pariwo olè. Èmi náà, èlé mi kan pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti gbé wa. Ìgbà tí mo pe bùrókà ló ní kí n pe registrar, àwọn tó ń pín èlé. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì ti kówó sílẹ̀ látijọ́, orúkọ àárín mi ni mo fi síwájú lórí fọ́ọ̀mù, kò bá ti BVN mu, owó yẹn kàn jókòó lọ́dọ̀ wọn ni. Nítorí náà, kí orúkọ yín ní báńkì, lórí BVN àti ní CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà àti bọ́ǹdì èèyàn sí, jẹ́ ọ̀kan náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkankan.

Ní ti 400,000 yín, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì kọ́ńpìnnì, àwọn pẹ́ńsàn àtàwọn ọlọ́rọ̀ ńlá ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà á fún, ó lè jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta tiẹ̀ lẹ máa rí i rà. Tó bá jẹ́ èmi ni, FGN Savings Bond ni màá fi kọ́ṣẹ́ ná, ti ìjọba, 5,000 náírà lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé, ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ á rí bí èlé ṣe ń wọ àkáǹtì kẹ́ ẹ tó lọ bá kọ́ńpìnnì.

ÌBÉÈRÈ: Tí kọ́ńpìnnì bá kógbá sílé, ṣé NDIC ò ní san owó bọ́ǹdì mi padà? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Wọn ò ní san kọ́bọ̀, bàbá. NDIC ni àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ sí báńkì, ìyẹn nìkan ni tiwọn, 5 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n gbé e dé ní 2024 fún báńkì ńlá. Kódà tó bá jẹ́ báńkì ló ta bọ́ǹdì fún yín nínú gbọ̀ngàn ẹ̀, pẹ̀lú bisikíìtì àti omi tútù, kò sí NDIC níbẹ̀, trustee lẹ máa wá lọ.