Ẹ ra aago náà fún Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọn ìfúnpá wọn

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá smartwatch olówó pọ́ọ́kú lè máa bá yín ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí pé ó ń wọn ìfúnpá, ẹ kú àníyàn òbí. Èsì tèmi ni pé kò lè ṣe é. Aago yẹn kì í ṣe ọjà burúkú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo irú rẹ̀, mo sì ra ọ̀kan fún ìyá mi, tí àwọn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi ṣe nílé wa báyìí jìnnà sí ohun tí wọ́n yà sára páálí.

Ibi ìfúnpá ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ dojú aago náà dé, ẹ ó rí iná àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Iná yẹn ń tàn wọ awọ ọrùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ á gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì ka ìyókù tó ta padà. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á sì dín kù. Bí aago ṣe ń ka lílù ọkàn nìyẹn, tí èèyàn bá sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń gbìyànjú. Mo máa ń fi ìka méjì tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ ìyá mi, kí n kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Iye tí mo kà àti ti aago kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìfúnpá kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ìgbà tí ọkàn lù. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń so nǹkan mọ́ wa lápá, tó ń fẹ́ ẹ títí yóò fi fún apá pinpin, kó tó wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Nínú aago tí owó rẹ̀ kò tó ogún ẹgbẹ̀rún náírà, kò sí ohun kan tó ń fún ohun kan.

Níbo ló wá ti ń rí nọ́ńbà tó ń gbé jáde? Méfò ni. Áàpù rẹ̀ á ti kọ́kọ́ bi yín ní ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara. Ìyẹn àti lílù ọkàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe ìṣirò, èsì tó sì máa ń jáde kì í jìnnà sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Tí irú aago yìí bá ti wà nílé yín, ẹ ká aṣọ ìnura kan, ẹ so aago mọ́ ọn, kí ẹ tẹ ibi ìfúnpá. Tèmi ronú díẹ̀, ó ní 118/76. Aṣọ ìnura! Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Ẹ̀rín ni títí ó fi kan ìyá mi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ sí kílíníkì, ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ní 168/102. Aago ọwọ́ wọn, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ní 121/79. Ti aago ni ìyá mi gbà gbọ́. “Òun ló ń bá mi sùn, òun ló ń bá mi jí. Nọ́ọ̀sì tó ń rí mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ló mọ̀?” Nígbà tí mo wá yẹ páálí oògùn wọn wò, oògùn inú rẹ̀ kò dín kù bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí aago bá ti ní ara yá, wọn kì í lò ó. Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan nílé á ṣì máa lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ṣe kọ ọ́, nítorí kò mọ bí ara ṣe rí lónìí. Ẹni tí aago ń fi lọ́kàn balẹ̀ ló ń jáwọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àwọn aago olówó ńlá ń ṣe é. Òótọ́ ni, Samsung ní èyí tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ní kí a lò ó: lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ gbọ́dọ̀ fi ojúlówó ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá wọn ìfúnpá, kí ẹ tẹ èsì rẹ̀ sínú áàpù, kí aago lè mọ ibi tí yóò ti máa bá ìṣirò lọ. Huawei ní tirẹ̀ gbé Watch D jáde lọ́dún 2021. Àpò afẹ́fẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi sínú okùn rẹ̀, tó ń wú, tó sì ń fún ọrùn ọwọ́. Bí àwọn tó lówó tó báyìí bá ṣì nílò ohun tó ń fún ọwọ́, ta ló wá sọ àṣírí tó kọjá ìyẹn fún ẹni tó ṣe aago orí tábìlì ní Dùgbẹ̀?

Ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí smartwatch tàbí òrùka kankan tó ń dá wọn ṣúgà láìgún awọ. Ìkankan o, àti pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Bí ẹ bá rí i lára páálí, ẹ ti mọ irú ẹni tó kọ páálí náà. Ti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn aago yìí náà ní àwọn ń wọn, mi ò ní sọ púpọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn gan-an máa ń fojú fo àìtó ọ́síjìn lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tó ń fojú fò ó lára aláwọ̀ funfun. Ti ilé ìwòsàn nìyẹn o.

Nítorí náà, ẹ pín owó yín sí méjì. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfúnpá tí a ń so mọ́ òkè apá, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú fúnra rẹ̀, ní ilé oògùn tí ẹ mọ̀. Ẹ gbé e lọ sí kílíníkì Bàbá lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn sọ̀rọ̀ owó ilé lásìkò náà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ìwé yẹn ni dókítà fẹ́ rí, kì í ṣe àwòrán áàpù.

Aago ńkọ́? Ẹ ra òun náà. Iṣẹ́ tí mo fi ń yìn ín ni ìrántí oògùn. Aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́, ọrùn ọwọ́ ìyá mi á gbọ̀n. Fóònù ti kùnà níbi yìí, nítorí inú báàgì ni tiwọn ń gbé, ariwo ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ń gbọ̀n lára ẹni, a kò lè ní a kò gbọ́. Bákan náà ni ìpè: kí n tó rà á, mo lè pè wọ́n láti àárọ̀ di ọ̀sán kí wọn má mọ̀, báyìí wọ́n á rí orúkọ mi lójú aago, wọ́n á lọ wá fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi èyí tí a lè fi sọ̀rọ̀ láti ọrùn ọwọ́ tàn yín. Ohùn rẹ̀ ń jáde síta ni, gbogbo inú mọ́tò á bá yín gbọ́ pé owó ti tán nílé.

Ìṣísẹ̀ tó ń kà, ẹ fi ṣeré ni. Kò mọ ẹsẹ̀, mímì ọwọ́ ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi bá gún iyán, aago á kí wọn pé wọ́n ti rìn tó ìwọ̀n ọjọ́ náà, orí ìdúró ni wọ́n sì wà látàárọ̀. Tí wọ́n bá wá ti ọjà rìn délé, tí wọ́n fi ọwọ́ di ẹrù orí mú, kò ní ka ìdajì. Ọ̀kadà lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ náà ń fún èèyàn ní ìṣísẹ̀ ọ̀fẹ́. Ti oorun kò yàtọ̀: ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ wo fíìmù kan parí, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ sùn wọra.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí mi nínú. Ẹ̀gbọ́n mi kan máa ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp, bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ ọ́. Aago á sọ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àpótí òfìfo, ọ̀rọ̀ á wá rí bí eyín ọmọ ọdún méje. Lẹ́tà Ṣáínà ń jáde geerege lójú aago kan náà. Mo ti pa ti WhatsApp ní tèmi, ìpè nìkan tó mi.

Ẹlòmíràn á ní aago òun bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nítorí pé ìpè kò wọlé mọ́. Fóònù ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì má baà tán, áàpù aago á sì bá wọn lọ. Ẹ wọ settings, ẹ lọ síbi bátìrì áàpù náà, ẹ gbà á láyè kó máa ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́. Kí ẹ tó sanwó ní ìsọ̀ pàápàá, ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ áàpù rẹ̀, kí ẹ wá a lórí Play Store lójú wọn. Tí kóòdù QR ara páálí bá ń gbé yín lọ sí ojúlé mìíràn láti wa áàpù jáde, ẹ dá aago padà. Tí áàpù bá tún ní òun fẹ́ ka SMS, ẹ rántí pé ibẹ̀ ni kóòdù báńkì ń wọlé sí.

Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú tí ẹ bá pa títàn ojú aago nígbàkigbà tí ọwọ́ bá gbé sókè. Ẹ má sì sọ okùn ṣájà rẹ̀ nù, torí ti aago mìíràn kì í sábà bá a mu. Tí kò bá sí iná, ẹ lè rí i pé power bank ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: iná tí aago ń fà kéré débi pé ó rò pé kò sí ohun tí ẹ so mọ́ òun. IP67 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn àmì pé omi kò lè tètè wọ inú rẹ̀, omi tó mọ́ ni wọ́n fi dán irú ìwọ̀n yẹn wò, ní jíjìn mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìwẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ sì nu abẹ́ okùn rẹ̀ gbẹ, torí òógùn máa ń mú kí ara yún àgbàlagbà níbẹ̀.

Ohun kan ló kù tí ẹ kò sọ fún mi: fóònù wo ni Bàbá ń lò? Tó bá jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì, aago yìí kò ní fi ìpè kankan hàn wọ́n. Bátìrì rẹ̀ bá sì tán pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á padà sí aago méjìlá òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí fóònù yín yóò fi tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá so ó mọ́ fóònù tirẹ̀, kó ṣètò àkókò oògùn sínú rẹ̀, kó sì máa gba iná sí i lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ ra aago ọwọ́ lásán tó kàn ń sọ àkókò fún wọn, kí ẹ fi ìyókù kún owó ẹ̀rọ ìfúnpá.