Ẹ Bi Àǹtí: Ọmọ ní torí òun ni Ọlọ́run ṣe mú àbúrò òun lọ

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọ̀kun o. Ọmọ Ìsánlú ni mí, mò ń kọ́ sàìkọ́lọ́jì, tàwọn ọmọdé ni mo sì fẹ́ máa ṣe. Níbi tí wọ́n rán wa lọ fún ìdánrawò, wọ́n mú ọmọkùnrin ọdún 8 kan wá, àbúrò ẹ̀ ló kú, látìgbà yẹn ló ti ń tọ̀ sílé, kì í sùn, kì í jẹun dáadáa. Nígbà tó ku èmi àti ẹ̀ nìkan ló bá sọ pé mọ́mì ní kóun gbàdúrà fún àbúrò òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun gbé òun lọ, ìdí tí Ọlọ́run fi mú un nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá wa, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀ fún pásítọ̀, kí n gbájú mọ́ oorun àti oúnjẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ wa ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ká mi lára. Ilé tó ń tọ̀ sí yẹn èéfín ni, ibi tí iná wà ló fi hàn ẹ́ yẹn.

Mi ò ní bú ọ̀gá yín o, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Freud, dókítà ọpọlọ ará Austria tí gbogbo yín ń dárúkọ, ní 1927 ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó ń wu èèyàn lọ́kàn ló sọ di ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yín sì gba ibẹ̀ lọ. Àmọ́ ayé ti yí. Ní 1994, DSM ẹ̀dà kẹrin, ìwé táwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, fi ìṣòro ẹ̀sìn àti ti ẹ̀mí sínú ohun tí èèyàn lè gbé wá bá wọn, wọn ò sì pè é ní àìsàn. Kenneth Pargament, onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ẹ̀: ẹni tó fara ti Ọlọ́run nígbà ìṣòro yàtọ̀ sí ẹni tó rò pé Ọlọ́run ń jẹ òun níyà, ẹni kejì yìí ni ọkàn ẹ̀ máa ń dàrú jù. Ibẹ̀ gan-an lọmọ yẹn wà, ọmọdé sì tún máa ń rò pé ohun tóun ṣe tàbí tóun rò lọ́kàn ló fa gbogbo nǹkan.

Ẹni tí wọn ò kọ́ láti béèrè kò lè rí i. Bi í pé, "Báwo ni Ọlọ́run tìẹ ṣe rí?" Jẹ́ kó yà á sórí pépà. Má wàásù fún un, má sì sọ pé irọ́ ni, ìwọ kọ́ ni àlùfáà ẹ̀. Tí ìyá ẹ̀ bá gbà, ẹ wá pásítọ̀ tàbí fádà tí ọmọ náà fẹ́ràn, kóun fẹnu ara ẹ̀ sọ fún un pé oorun kì í pa èèyàn. Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ti ṣe irú ẹ̀ nílé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, Abẹ́òkúta láti 1954, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló bá ṣiṣẹ́, àwọn aláìsàn sì ń gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Kábbà, Mopà, Ẹ̀gbẹ̀, inú ilé kan náà lo ti máa bá Kátólíìkì, ECWA àti Mùsùlùmí, bàbá àgbà tó ń bọ egúngún sì wà nínú yàrá tó kángun sẹ́yìn. Tí gbogbo ilé bá ń rí ìyá àgbà tó ti kú lójú àlá, ìyẹn kì í ṣe wèrè. Tí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn lójú ọ̀sán pé kó ṣe ara ẹ̀ léṣe, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí wọ́n bá ń lù ú tàbí fi ebi pa á torí wọ́n ní àjẹ́ ni, àbí ẹmẹ̀rẹ̀, dídáàbò bo ọmọ ló kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn mọ́. Ìwọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ yín, pẹ̀lú bí wàá ṣe mọ ibi tí ìgbàgbọ́ tìẹ fúnra ẹ ti ń dí ẹ lójú (èmi náà wàásù fún ọmọ ọlọ́mọ rí, ó dákẹ́ ni, kò sọ nǹkan kan fún mi mọ́).

Tí ọ̀gá yín bá ṣì kọ̀, kọ ohun tí ọmọ náà sọ sínú fáìlì bó ṣe tẹnu ẹ̀ jáde gẹ́lẹ́, kí ẹni tó máa gbà á lẹ́yìn ẹ lè rí i.