"Oògùn yìí ti mọ́ mi lára": ara ta ni oògùn ń mọ́?

Ìbéèrè: Màmá mi máa ń sọ pé tẹtirasáíkílìn ti mọ́ òun lára, pé kò ran òun mọ́. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ohun tó bá mọ́ni lára ni ohun tí a ti bá lò títí tí kò fi jẹ́ tuntun sí wa mọ́. Iṣẹ́ a máa mọ́ni lára, òtútù náà a máa mọ́ni lára. Tó bá jẹ́ ọtí, ọ̀rọ̀ náà bá a mu régí, nítorí ara ọ̀mu fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn apakòkòrò, ara màmá yín kọ́ ni oògùn mọ́. Ara kòkòrò bakitéríà ni.

Tẹtirasáíkílìn máa ń dá ibi tí kòkòrò ti ń ṣe púrótéènì dúró, kó má baà lè dàgbà, kó má sì lè bí sí i. Àwọn bakitéríà kan wà tó ní jíìnì (ìlànà inú ara ohun abẹ̀mí tó ń sọ ohun tí ara yóò ṣe) tí à ń pè ní tetA. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan sí awọ ara wọn, tí í máa gbọ́n oògùn dànù bí apẹja ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò. Bí ẹ̀rọ yìí bá pọ̀ jù, á pa kòkòrò náà lára, nítorí náà kì í ṣe é lásán. Púrótéènì mìíràn, TetR, ló jókòó dí ẹnu ọ̀nà jíìnì náà bí olùṣọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù rèé: oògùn gan-an ló ń gbé olùṣọ́ dìde! Bí tẹtirasáíkílìn bá ti wọlé, á lẹ̀ mọ́ TetR, TetR á yẹra, jíìnì á ṣí, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò lè dí kòkòrò lọ́wọ́ rárá ti tó láti ṣí i. Ẹ wá wo ẹni tó lo kápúsù kan lónìí, tó tún di ọ̀túnla kó tó lo òmíràn. Bí oògùn bá tán lára, olùṣọ́ á padà jókòó, ṣùgbọ́n jíìnì ò lọ síbì kankan. (Ọ̀nà mìíràn tún wà, nígbà mìíràn jíìnì fúnra rẹ̀ ló ń yí padà.)

Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé, bí a bá gbà pé ara ẹni ni, a ó máa fún aládùúgbò ní oògùn tí kò ràn wá mọ́. A ó sì rò pé ẹni tí kò lo apakòkòrò rí ti bọ́. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò lè ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lára ẹlòmíràn kó tó dé ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò tilẹ̀ ń fi jíìnì wọ̀nyí lé ara wọn lọ́wọ́: ní Japan, ní nǹkan bí 1959, àwọn onímọ̀ rí i pé E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun, lè fún Shigella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ní agbára láti kojú oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tẹtirasáíkílìn sì wà lára wọn.

Ẹ bá mi kí màmá. Bí wọ́n bá tún ní ó ti mọ́ wọn lára, ẹ ní kí wọ́n lọ jẹ́ kí ilé ìwòsàn yẹ ìtọ̀ tàbí ọyún ojú egbò wọn wò. Wọ́n á jẹ́ kí kòkòrò náà dàgbà nínú àwo, wọ́n á fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò, wọ́n á sì mọ èyí tí kò tíì mọ́ ọn lára.