Dókítà, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ kú ìrójú o, Dókítà. Ẹ ní ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí ẹ ti kó ìwé klíníìkì yín ní Ilé-Ifẹ̀ ránṣẹ́ sí HMO, iléeṣẹ́ tó ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tó ní adójútòfò ìlera, kí ẹ lè máa tọ́jú àwọn èèyàn wọn, ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé ní ọsibítù kan níbí ní Iléṣà. Ìyà yẹn jẹ wá gan-an.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ fẹ́ máa tọ́jú, bí àwọn ti Yunifásítì yín, NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí yín ná. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ óò wá bá HMO kọ̀ọ̀kan ṣe àdéhùn tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Orúkọ ló dá tiwa dúró. “Hospital” la jẹ́ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, “Clinic” ló wà lórí ìwé iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀, báńkì sì kọ “Medical Centre”. Nígbà tí fáìlì padà dé láti ọ̀dọ̀ HMO, bírò pupa ni wọ́n fi yí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po. Wọn ò kọ ohun mìíràn sí i. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa obìnrin tún ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lórí ìwé kan, orúkọ ọkọ lórí èkejì. Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tì í kí wọ́n tó béèrè.

Ìwé àṣẹ ọdọọdún tí MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ iṣẹ́, ń fún wọn kì í kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Oṣù Kọkànlá la kó tiwa lọ. Kí ó tó kàn wá, ọdún ti yí, ìwé ti kú, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ti àwọn nọ́ọ̀sì náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba káàdì HMO lọ́wọ́ aláìsàn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Aṣojú HMO kan sọ fún wa lórí fóònù pé a ti wọlé tán. Màmá kan dé láti Ìsọ̀kùn pẹ̀lú káàdì wọn, a ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ara wọn yá. Nígbà tí lẹ́tà àdéhùn HMO dé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ló ní àdéhùn wa bẹ̀rẹ̀. HMO ò san kọ́bọ̀. Òṣómàáló ni bàbá àgbà mi: wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ wọ́n gbà pé òun jẹ wọ́n. Àwọn tiwa ní àwọn ò jẹ wá, lẹ́tà sì gbè wọ́n lẹ́yìn. A ò lè yíjú sí màmá náà, ọsibítù ló gbé gbèsè ọ̀hún.

Tí lẹ́tà bá dé, ẹ lẹ ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.