Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àti Bàálù Àfọwọ́kàn

Ìbéèrè: Bàbá Ẹ́ńjìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta la ń kan bàálù kékeré oníjòkòó méjì lẹ́yìn ilé wa. Owó ẹ́ńjìnnì bàálù gidi kọjá agbára wa. Ọ̀kan nínú wa ní ká ra ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy tòkúnbọ̀ ní Gate. Èmi ní ká lo ti Ìjàpá (mọ́tò Volkswagen Beetle) bàbá mi tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Èwo ló ṣeé fọkàn tán?
— Òǹkàwé kan, Sángo, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìgbìyànjú. Táwọn ará àdúgbò bá ń pè yín ní wèrè, ẹ má bínú. Láti 1929 ni ará Amẹ́ríkà kan, Bernard Pietenpol, ti fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford Model A gbé bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó sì fò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Big Daddy kúrò nílẹ̀. Agbára ẹṣin bíi 157 ló ní, ṣùgbọ́n tó o bá ń sá 100 lọ Èkó, bí ogún péré ló ń lò, ìyókù ń sinmi. Bàálù kì í sinmi. Gbogbo agbára ló fi ń gbéra. Tó bá dókè tán, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò ṣì máa lò títí tẹ́ ẹ ó fi sọ̀. Rédíétọ̀ tó tó lójú títì ò ní tó mọ́. Èyí tó tún le níbẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yí ìgbà 5,600 ní ìṣẹ́jú kan kó tó pé 157 yẹn. Pùròpẹ́là ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà tó bá yí báyẹn, ẹnu rẹ̀ á sáré ju ìró lọ. Ariwo lẹ máa gbọ́, kò ní fà yín. Ẹ ní láti fi gíà sáàárín nìyẹn. Gíà yìí gan-an ló ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bí iná ṣe ń ta nínú sílíńdà ló ń gbá kìránkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Pùròpẹ́là wúwo, kò fẹ́ kí wọ́n kánjú òun. Eyín gíà ló ń jẹ ìyà àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, tí iná bẹ́tìrì bá tán, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú, ẹ́ńjìnnì náà kú.

Ìjàpá ńkọ́? Lọ́dún 1983, bẹ́líìtì tèmi já nítòsí Ògèrè. Iná pupa yọ, mo páàkì kó tó nọ́ọ̀kì. Mo tú púlì, ọ̀kan nínú àwọn wáṣà pẹlẹbẹ àárín rẹ̀ fò sínú koríko. Ìyàwó mi ló rí i, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé títí dòní. Bẹ́líìtì tó fojú mi rí màbo yẹn ò sí lára Ìjàpá tó ń gbé bàálù: wọ́n ti yọ fáànù sọnù, afẹ́fẹ́ ló ń tu sílíńdà lára. Kìránkì gan-an ni wọ́n de pùròpẹ́là kékeré mọ́, kò sí gíà.

Àmọ́ má kàn gbé ti bàbá rẹ sórí ẹ̀ o. Tú u. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá àtijọ́, sílíńdà kẹta ló ń gbóná jù, torí kúlà ọ́ìlì dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Fáàfù tó ń tú èéfín rẹ̀ ti rí ìyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí orí ẹ̀ bá já bọ́ sínú sílíńdà, pístìnnì á fọ́ túútúú. Pààrọ̀ gbogbo fáàfù èéfín sí tuntun. Púlọ́ọ̀gì kan ló wà ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan; ti bàálù gidi jẹ́ méjì, mágínẹ́tò tí kì í bèèrè bẹ́tìrì ló sì ń tan án. Jẹ́ kí wọ́n lu ihò ìkejì sí i. Kẹ́ ẹ tó ronú àtifò, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìjàpá 1600 ò lè fún yín ju bíi 50 agbára ẹṣin lọ. Àgbàlagbà méjì, epo, oòrùn oṣù kẹta nílùú Ìbàdàn tó ń sọ afẹ́fẹ́ di fẹ́lẹ́: ẹ yọ ìjòkòó kan. Ta ni yóò jókòó sí ìkan tó kù, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa bára yín sọ ọ́.