Gígun ẹṣin láì ki ẹsẹ̀ bọ líkáfà

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ gun ẹṣin fún ilé yín nígbà Durbar, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin Iléyá tó ń bọ̀, pé ẹnì kan ní kó o yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú líkáfà, ìyẹn irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì, kó o máa fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ, kó o sì fi orúnkún di gàárì mú ṣinṣin. Yíyọ ẹsẹ̀ yẹn dáa. Ti orúnkún yẹn ni kò dáa.

Bó o bá fi orúnkún méjèèjì fún gàárì mọ́ àárín, ńṣe lara rẹ á máa ta sókè, bí ìgbà téèyàn tẹ kóró ọsàn láàárín ìka méjì. Bẹ́rù bá sì ṣe ń bà ọ́ tó lo ó ṣe máa fún un tó. Ìdí ló yẹ kó jókòó, kí itan rọ̀, kí ẹsẹ̀ máa já wálẹ̀.

Bàbá tó kọ́ mi, ará àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, á ki àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ àárín orúnkún mi àti gàárì. Tí mo bá ti fún ọwọ́ náà pẹ́nrẹ́n, á dá ẹṣin dúró. Kò ní sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ la máa wà títí n ó fi mí kanlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ á lè yọ wọ́ọ́rọ́, kó tó ní kí ẹṣin máa lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ìdúró máa ń pọ̀ ju ìrìn lọ. Inú bí mi nígbà náà, torí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fẹṣin sáré lọ sáré bọ̀.

Ohun tó ń tan àwa ará Ìlọrin jẹ ni gàárì Durbar. Ó ga níwájú, ó ga lẹ́yìn, líkáfà rẹ̀ sì fẹ̀ débi tí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ fi lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eégún ọ̀hún, gàárì ló gbé wọn dúró. Kí ìbọn ṣáà dún lójijì, kí ẹṣin yà bàrá, a ó mọ ẹni tó jókòó. Tó o bá rí gàárì pẹlẹbẹ yá, irú èyí táwọn tó ń gbá pólò ń lò, òun ni kó o fi kọ́ ọ.

Wá ẹṣin tó ti dàgbà, tó ní sùúrù, kí ẹnì kan di okùn gígùn rẹ̀ mú. Má tijú okùn. Ní Vienna, ní Spanish Riding School, ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn tó ti wà láti 1565, orí okùn ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, láìsí líkáfà, láìsí ìjánu lọ́wọ́. Fi líkáfà gùn ún, kó o tó gbé líkáfà náà sórí èjìká ẹṣin kó má máa gbá a níkùn. Kọ́kọ́ gbé ti ọ̀tún kọjá, kí tòsì wà lókè, torí òsì lo máa nílò tó o bá fẹ́ tún un gùn. Fọwọ́ kan di iwájú gàárì mú. Má fi ìjánu gbé ara ró o, ẹnu ẹṣin ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ìrìn ni kó kọ́kọ́ jẹ́. Wo ọ̀kánkán. Ìbàdí rẹ á máa mì sọ́tùn-ún, sósì. Ìgbà tó o bá lè dijú, kó o sì sọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ẹṣin ń gbé, ìgbà yẹn lo tó sáré.

Eré kúkúrú, tó máa ń gbọn èèyàn jìgìjìgì, nibi tọ́rọ̀ wà. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, padà sí ìrìn, tún sáré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápapọ̀ ti tó fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ ọ́, wàá máa gbá ẹ̀yìn ẹṣin ni. Á le ẹ̀yìn náà gan-an, jíjókòó á wá nira sí i. Ẹṣin tí wọ́n ti gbá lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ pẹ́, tó bá ti rí gàárì báyìí, á ká etí sẹ́yìn.

Àárọ̀ lẹ́yìn ìrun Súbùhì ló dáa jù, lórí iyẹ̀pẹ̀, kì í ṣe lójú títì tí ọ̀kadà ti ń fọn fèrè. Dé akoto, láwàní di ọjọ́ Durbar. Itan á bó, fi òrí pa á. Lásìkò ọyẹ́, ṣọ́ra, òtútù máa ń mú kí ẹṣin ta pọ́n-ún.

Tó o bá wá ki ẹsẹ̀ padà bọ líkáfà, á dà bíi pé ó ti kúrú. Má ká ẹsẹ̀ sókè bá a. Tú awọ rẹ̀, kó o sọ ọ́ kalẹ̀ ní ihò kan.