"A kì í" tí àbúrò yín sọ yẹn, èèwọ̀ ni

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kánádà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ ní ẹ̀ ń kó àwọn ọmọ bọ̀ wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, àbúrò yín wá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun". Ẹ̀ ń béèrè bóyá àwọn èèyàn kì í sábà pẹja níbẹ̀ ló ń wí, àbí ọ̀ràn ìjọba ni.

Èèwọ̀ ló ń sọ fún yín. Bí àgbàlagbà bá ti ní "a kì í", kò tún ní dárúkọ èèwọ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n bí sí London ń so ìwọ̀ mọ́ okùn létí odò náà. Ìyá kan tó wá pọnmi rọra sọ fún un pé, "A kì í pẹja níbí o, ọkọ mi." Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó mirí, ó ń so okùn rẹ̀ lọ, títí ìyá fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọràn. Ohun tí "a kì í" ń wí ni kò yé e.

Ẹja ibẹ̀ kọjá ẹja ọbẹ̀. Ìtàn wa ní Ọba Láròóyè bọ odò, ẹja ńlá kan yọ, ó tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni Àtáọ́ja, oyè ọba Òṣogbo, ti wá: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja.

Ẹ ṣọ́ ohùn o. Ẹja pípa "jẹ́" èèwọ̀. Ẹni tó bá pa á ló "jẹ" èèwọ̀. Òfin ní tirẹ̀, rírú là ń rú u. Ọ̀ràn, dídá ni. Nínú igbó yìí, ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ lè rú òfin pẹ̀lú, torí ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò láti 1965, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, náà sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Igi gígé àti ọdẹ ṣíṣe náà ò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ á sún mọ́ yín. Kí ọmọ kankan má sọ wọ́n lókò.

Omi pípọn kì í ṣe èèwọ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àwọn ọmọ mu. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè ti ba odò yẹn jẹ́, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ẹ ti kọ́ wọn ní "a kì í" kí wọ́n tó wọ bàálù.